Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Pa Láìsọ fún Ẹnikẹ́ni

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà kò yàtọ̀ sí ti ọjọ́ mìíràn. Ọkùnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jí, ó wẹ̀, ó mu tíì, ó bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn díẹ̀ lórí ẹni tó gbàgbé láti ti ẹ̀rọ omi bálùwẹ̀ pa, ó sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Òun ni olórí àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn ńlá kan. Kò sí ẹjọ́ tí wọ́n lè rò fún un tí kò ní dáhùn pé "Kò sí wàhálà," ìyẹn ni gbogbo òṣìṣẹ́ fi sọ ọ́ ní Kò-Sí-Wàhálà. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá kọ̀ tí kò tẹ nǹkan mọ́, kò sí wàhálà. Bí ẹni tó ń gbálẹ̀ bá fi ìgbálẹ̀ fa wáyà yọ, kò sí wàhálà. Orúkọ náà kì í bí i nínú. Ó tilẹ̀ máa ń dáhùn sí i lórí fóònù.

Ní ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn náà, lẹ́yìn ilẹ̀kùn irin kan, ni yàrá tí wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ ńlá sí wà. Òtútù ibẹ̀ máa ń mú èèyàn dé eegun, ariwo fáànù wọn kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Sáfà méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, tí wáyà aláwọ̀ búlúù so wọ́n pọ̀. Sáfà ni kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké inú wọ́ọ̀dù máa ń bi léèrè ọ̀rọ̀: ta ni aláìsàn yìí, kí ló ti ṣe é rí, irú ẹ̀jẹ̀ wo ló ní, oògùn wo ni ara rẹ̀ kì í gbà. Ẹrù kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì jọ ń rù. Ohun tí wọ́n bá kọ sínú ọ̀kan, èkejì á dà á kọ lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀kan bá fẹ́ sinmi, èkejì á gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń pè wọ́n ní Ìbejì.

Ẹ̀rọ òkè ló fẹ́ àtúnṣe lọ́jọ́ náà. Fáànù rẹ̀ kan ti ń hanrun bíi àgbàlagbà tó sùn sórí àga, àwọn tó ṣe é sì ti fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n fi sínú rẹ̀. Òfin ilé ìwòsàn náà ni pé ìdájí ọjọ́ Àìkú, nígbà tí èrò kò bá pọ̀, ni kí wọ́n máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì ti sọ fún gbogbo wọ́ọ̀dù ṣáájú. Kò-Sí-Wàhálà mọ òfin náà, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú ti sú u. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún un pé àwọn ọmọ ti ń rò pé ilé ìwòsàn ló bí i. Ó wo iṣẹ́ náà, ó rí i pé kò tóbi, ó sì pinnu pé òun á ṣe é ní ọ̀sán gangan kí òun lè rí ọjọ́ Àìkú yẹn lò nílé.

Igbákejì rẹ̀, obìnrin kan tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ tipẹ́, bá a lẹ́nu ilẹ̀kùn irin náà.

"Ọ̀gá, ṣé a ti sọ fún àwọn ará wọ́ọ̀dù?"

"Kí la fẹ́ sọ fún wọn? Ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ wà ńlẹ̀. Kí wọ́n tó mọ̀, a ti ṣe tán."

"Ẹ ti wo ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ náà wò?"

"Iná rẹ̀ ń tàn, àbí kò tàn?"

Iná rẹ̀ ń tàn lóòótọ́. Àmọ́ iná tó ń tàn kò sọ ju pé ẹ̀rọ ń jẹ iná lọ. Ó ti ṣe díẹ̀ tí ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ti ṣíwọ́ dída ọ̀rọ̀ kọ láti ara ẹnìkejì rẹ̀. Ó ti fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́, ó tún fi òmíràn ránṣẹ́. Kò-Sí-Wàhálà rí wọn láàárín ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ tí kò ní láárí, ó sì gbá gbogbo wọn dànù pọ̀. Wọ́n ń dúró de igbákejì rẹ̀ lókè nítorí kọ̀ǹpútà akọ̀wé àgbà tó kọ̀ tí kò ṣí. Ó yí padà, ó gun àtẹ̀gùn lọ.

Kò-Sí-Wàhálà fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì ní ọ́fíìsì, nítorí kì í gbé nẹ́tíwọ̀kì nínú yàrá òtútù. Ó wọlé, ó pàṣẹ fún ẹ̀rọ òkè pé kó gbé ẹrù rẹ̀ fún ẹ̀rọ ìsàlẹ̀. Ó yẹ kó dúró níbi yìí kí ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ tó dáhùn pé òun ti gbà á. Kò dúró. Ó pa ẹ̀rọ òkè.

Ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ gbìyànjú láti gba ẹrù náà, ó rí i pé ohun tó wà lọ́wọ́ òun kò pé. Wọ́n ti ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kó má baà fún èèyàn ní ìdáhùn tí kò pé. Ó dákẹ́. Ní gbogbo wọ́ọ̀dù, láti ibi tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí títí dé ibi tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní oògùn, ojú kọ̀ǹpútà di funfun báláú.

Ní àkókò yẹn gan-an, wọ́n ń ti obìnrin kan bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ní ẹ̀ka pàjáwìrì. Télọ̀ ni obìnrin náà. Òun ni ẹ̀gbọ́n Kò-Sí-Wàhálà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ìyá wọn kú nígbà tí ọkùnrin náà ṣì kéré, obìnrin yìí ló fi aṣọ rírán tọ́ ọ dàgbà. Títí di òní, òun ló ṣì ń rán ṣẹ́ẹ̀tì tí àbúrò rẹ̀ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Gbogbo wọn ló máa ń tóbi jù ú lọ díẹ̀. Bí àbúrò rẹ̀ bá ráhùn, á ní, "Wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, o ṣì máa dàgbà sí i." Ọkùnrin náà sì ti ń hu ewú.

Ibà àti ikọ́ ló ti dá a dùbúlẹ̀. Lówùúrọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò já gaara mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì gbé e wá sílé ìwòsàn. Ọmọ náà ti dàgbà, ìlú mìíràn ló ti ń ṣiṣẹ́, ìsinmi ló mú un wá sílé. Ó ń pe àbúrò ìyá rẹ̀ lórí fóònù látinú ọkọ̀. Fóònù ń dún lórí tábìlì lọ́fíìsì, kò sí ẹni tó gbé e.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò rí nǹkan kan. Ó gbé fóònù orí tábìlì, ó pe yàrá ẹ̀rọ. Fóònù kan wà lára ògiri níbẹ̀. Kò-Sí-Wàhálà ló gbé e.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ̀ka pàjáwìrì nìyí. Kọ̀ǹpútà wa ò ṣí mọ́."

"Àtúnṣe kékeré kan là ń ṣe. Ó máa tó dé."

"Àtúnṣe? Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa! Màmá kan wà níwájú mi báyìí, wọn ò lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo fẹ́ wo ohun tó wà nípa wọn kí n tó fún wọn lábẹ́rẹ́."

"Ṣé wọn ò mú ẹbí wá ni? Ẹ bi ẹbí wọn léèrè. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, kò sí wàhálà."

"Ìgbà wo ló máa padà?"

"Ìsinsìnyí."

Ó gbé fóònù kọ́ padà. Kò béèrè orúkọ màmá náà, nọ́ọ̀sì náà kò sì dárúkọ rẹ̀. Fáànù tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdè kékeré kan kù tó fẹ́ dè. Ìgbà tó wo ẹ̀rọ ìsàlẹ̀, tó rí i pé kò dáhùn, ló mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀ka pàjáwìrì nìkan ni kò rí nǹkan kan. Ó ní kí òun kúkú parí èyí tó wà lọ́wọ́ òun kíákíá.

Lókè, nọ́ọ̀sì yíjú sí ọmọbìnrin náà.

"Ǹjẹ́ oògùn kan wà tí ara màmá yín kì í gbà?"

"Rárá o. Mi ò gbọ́ ọ rí."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Wọ́n máa ń lo oògùn ibà dáadáa. Mi ò mọ òmíràn."

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí oògùn kan tí wọ́n ń pè ní pẹnisílíìnì kọ́kọ́ da ara ìyá rẹ̀ rú, ọmọ náà wà nílé ẹ̀kọ́ lọ́nà jíjìn. Ojú ìyá náà wú, ara rẹ̀ sú, ó sì lọ sílẹ̀ kí èsì ìdánwò ọmọ náà tó jáde. Wọn kò fẹ́ dẹ́rù bà á, wọn kò sọ fún un. Kò-Sí-Wàhálà ló gbé ìyá náà wá sílé ìwòsàn nígbà náà. Òun ló tẹnu mọ́ ọn fún nọ́ọ̀sì ìgbà yẹn pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà, lókè pátápátá, kí wọ́n fi àwọ̀ pupa kọ ọ́. "Ẹ̀rọ kì í gbàgbé," ló sọ. Ìdílé náà kò tún mẹ́nu bà á mọ́.

Dókítà ní kí wọ́n fún màmá náà ní abẹ́rẹ́ tí yóò pa àrùn tó wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Inú ìran pẹnisílíìnì ni abẹ́rẹ́ náà wà. Nọ́ọ̀sì tún wo kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan sí i. Funfun. Ó fún un.

Kò pẹ́ tí màmá náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọrùn. Ètè rẹ̀ wú. Ó gbìyànjú láti jókòó, èémí rẹ̀ ń dún fíì, fíì, bíi ti ẹni tó ń mí gba inú ihò kékeré. Ọmọ rẹ̀ pariwo. Dókítà sáré wá, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n tẹ àyà rẹ̀. Ibà ti kọ́kọ́ gba agbára tó yẹ kó fi bá a jà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí òógùn fi bo dókítà. Lẹ́yìn náà, wọ́n dáwọ́ dúró.

Kò-Sí-Wàhálà ti tan ẹ̀rọ òkè padà. Gbogbo iná rẹ̀ ń tàn, fáànù tuntun náà kò hanrun. Ó jáde sí ọ́fíìsì, ó mú fóònù, ó rí i pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ti pè, ó sì ti pè, ó sì ti pè. Kó tó pè é padà, igbákejì rẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀gá, ẹ wá sókè." Kò wo ojú rẹ̀. "Àǹtí yín ni."

Ó gun àtẹ̀gùn náà. Ó máa ń rántí lẹ́yìn náà pé òun ka pákó ìkéde kan lọ́nà, pé wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀ nípa fífọ ọwọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, báàgì ìyá rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, mo pè yín."

"Mo rí i."

Dókítà fà á wọlé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ wọn jù. Ṣé pẹnisílíìnì máa ń bá wọn jà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ó wí.

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí wọn. Ẹ̀rọ ti padà. Ọ̀rọ̀ náà wà lókè pátápátá, ó pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ọkùnrin náà kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni tí kò rí i rí. Wọ́n retí pé yóò ké, kò ké. Ó béèrè bóyá òun lè bo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun, ó bò ó, ó tẹ́ etí aṣọ náà kó gún. Lẹ́yìn náà ó padà sí yàrá òtútù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ó dúró ti ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ títí ó fi da gbogbo ọ̀rọ̀ kọ tán. Igbákejì rẹ̀ bá a níbẹ̀, ó mú un lọ́wọ́ jáde. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bíi ti ẹ̀rọ.

Wọ́n sin obìnrin náà. Kò pẹ́ tí ilé ìwòsàn fi pe ìgbìmọ̀. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mo pe yàrá ẹ̀rọ. Wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Kó tó dáhùn, Kò-Sí-Wàhálà gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́. "Èmi ni." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀.

Alága ní kí igbákejì rẹ̀ ṣàlàyé bó ṣe yẹ kí iṣẹ́ náà lọ, kí àwọn tí kò mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà lè gbọ́.

"Bí ẹ̀rọ méjì bá ń ru ẹrù kan," ló wí, "kí ẹ tó pa ọ̀kan, ẹ gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ara èkejì le, àti pé ohun tó wà nínú ọ̀kan ló wà nínú èkejì láìkù síbì kan. Ká wò ó pé iná rẹ̀ ń tàn kò tó. Lẹ́yìn náà ẹ ó ní kó gba ẹrù, ẹ ó sì dúró dìgbà tó bá ní òun ti gbà á, kí ẹ lọ sí wọ́ọ̀dù kan lọ dán an wò. Ìgbà yẹn lẹ tó lè pa á. Bí ẹ bá tún un ṣe tán, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ da ohun tí wọ́n kọ nígbà tó ń sinmi kọ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀, ẹ sọ fún àwọn tó ń lò ó: àkókò báyìí la máa pa á, àkókò báyìí ló máa padà, bí kò bá padà, ohun tí ẹ máa ṣe nìyí." Ó mí kanlẹ̀. "Mo mọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo béèrè, wọ́n dá mi lóhùn, mo sì gun àtẹ̀gùn lọ. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀."

Dókítà náà sọ tirẹ̀. Ó ní nígbà tí ẹ̀rọ kò dáhùn, ó yẹ kí òun ti ka àìmọ̀ sí ewu, kí òun yan oògùn tí kì í ṣe ìran pẹnisílíìnì. Òun kánjú. Wọ́n bá nọ́ọ̀sì náà wí, wọ́n bá dókítà wí. Wọ́n bi ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn pàápàá léèrè ìdí tí kò fi sí ẹnì kankan tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ń tẹ̀lé òfin tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe. Wọ́n dá Kò-Sí-Wàhálà dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó fi kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn irin náà sórí tábìlì, ó sì jáde.

Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbà lọ. Ọmọ náà ń kó àwọn aṣọ oníbàárà jọ, kí kálukú lè wá mú tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lójú fèrèsé, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì wà nínú aṣọ aláwọ̀ ewé kan tí kò tíì parí. Ọkùnrin náà jókòó, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìpè tí nọ́ọ̀sì pè, ohun tí òun fi dáhùn, pé òun mọ̀ nípa pẹnisílíìnì láti ọdún pípẹ́ wá. Kò tọrọ àforíjì nítorí kò mọ irú èyí tí ì bá tọrọ.

Ọmọ náà ká aṣọ kan, ó fi lélẹ̀, ó tún un ká.

"Bọ̀ọ̀dá, kí ló tún wà nípa màmá mi tó jẹ́ pé inú ẹ̀rọ yẹn nìkan ló wà?"

Ó ronú sí i. "Ẹ̀jẹ̀ wọn. Irú tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́. Àti pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí n má sọ fún ọ."

"Èmi ńkọ́? Kí ni ẹ mọ̀ nípa tèmi?"

"Kò sí. Mi ò mọ nǹkan kan nípa tìrẹ."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n," ni ọmọ náà wí. "Bí ara tèmi náà bá máa ń kọ pẹnisílíìnì ńkọ́? Mi ò mọ̀."

Ìta ń lọ bó ṣe máa ń lọ, ẹnì kan ń fun fèrè kẹ̀kẹ́, àwọn ọmọdé ń jà nítorí bọ́ọ̀lù. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà dìde, ó bá a ká àwọn aṣọ yòókù.

Ní ilé ìwòsàn náà, igbákejì ló di olórí báyìí. Kí ó tó pa ẹ̀rọ kankan, òun fúnra rẹ̀ á rìn dé wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, á sì dúró títí ẹni tó jẹ́ olórí níbẹ̀ á fi tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un padà. Àwọn kan ní ó ti ń ṣe àṣejù. Kì í bá wọn jiyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹ̀rọ tí àwọn ẹlòmíràn gbára lé, ìbáà ṣe ti ilé ìwòsàn, ti báǹkì, ti omi tàbí ti iná mànàmáná, kò sí iṣẹ́ kékeré níbẹ̀. Ẹ má pa á láìsọ. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹnìkejì rẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹnì kan bá pè yín pé òun kò rí nǹkan kan, ẹ béèrè ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ àti ẹni tó ń ṣe é fún, kí ẹ tó ní kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo aláìsàn, bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Àwa yòókù, ẹ má jẹ́ ká gbé ìlera ẹni tiwa fún ẹ̀rọ pamọ́ ká sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ìwọ tó ń ka èyí, bi àwọn tí ẹ jọ ń gbé léèrè lónìí: oògùn wo ni ara yín kì í gbà? Sọ tìrẹ náà fún wọn. Bí ojú wọn bá wú, tí ara wọn sú, tàbí tí èémí wọn ń dún lẹ́yìn oògùn, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ sì sọ ọ́ fún ọmọ, fún àbúrò, fún ẹni tó lè bá yín dé ibẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnu yín kò bá lè sọ ọ́.